Ìròyìn Orí Fóònù: Ta Ló Sọ Ọ́, Ọ̀dọ̀ Ta Ló Ti Gbọ́ Ọ?

Ọ̀pọ̀ ilé mùsùlùmí ní Ọ̀tà àti Sàngó ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kí ìrun àsùbáà tán, fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Bàbá tó ń lọ síbi iṣẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà Tóògéètì ti dí. Ìyá tó ń tajà ní Sàngó fẹ́ mọ iye tí ìrẹsì ti di. Ọmọ tó wà ní yunifásítì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn olùkọ́ ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Àwọn àgbà náà kò gbẹ́yìn, nítorí gúrúùpù WhatsApp ti mọ́sáláṣí, ti ẹbí àti ti àdúgbò ti wà lórí fóònù tiwọn náà. Nígbà kan, àwa là ń wá ìròyìn lọ. Ní báyìí, ìròyìn ló ń wá wa bọ̀, tọ̀sán-tòru.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi wá pé ṣé ire ni èyí àbí ibi. Ìdáhùn wa ni pé ire wà níbẹ̀, ibi sì wà níbẹ̀. Ohun tó pààlà sáàárín méjèèjì ni ìbéèrè kan tí àwọn aṣíwájú wa nínú ẹ̀sìn ti ń béèrè láti ayé àtijọ́: ta ló sọ ọ́, ọ̀dọ̀ ta ló sì ti gbọ́ ọ? A fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀díẹ̀, kí tọmọdé tàgbà lè rí ohun mú lò níbẹ̀.

Bí ìròyìn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa tẹ́lẹ̀

Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìròyìn. Ìlú Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní oṣù Kejìlá, ọdún 1859. Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ló dá a sílẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde. Ẹni tó bá ka ohun kan níbẹ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́ àti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó mọ ilẹ̀kùn ẹni tí yóò lọ kàn.

Nígbà tí rédíò àti tẹlifíṣàn dé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò sì dárúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà lè ṣì sọ, ìjọba sì lè fi ọwọ́ bo ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ kò fara pamọ́. Lórí fóònù lónìí, ọ̀rọ̀ lè ti gba ọwọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì ní sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àwọn àǹfààní tó wà níbẹ̀

A kò ní fi ìbẹ̀rù bo àǹfààní mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìròyìn ń tètè dé. Ẹ̀sìn wa fẹ́ kí a tètè sin òkú. Láyé àtijọ́, kí a tó rán ènìyàn láti Ọ̀tà lọ sọ fún ẹbí ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, wọ́n ti lè sìnkú tán. Lónìí, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò lè gbọ́ láàárín wákàtí kan, kí wọ́n sì bá jánàsà. Nígbà tí Sheikh Muyideen Ajani Bello jáde láyé ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ mùsùlùmí nílé lóko ló ti gbọ́ lórí fóònù ní ọjọ́ yẹn kan náà, tí wọ́n sì ṣe àdúà fún un.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ oṣù. Bí Ramadan tàbí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá ti ń súnmọ́lé, ìkéde Sultan Sókótó, tó tún jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ NSCIA, ló ń sọ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀ tàbí tí a ó túnu. Tẹ́lẹ̀, a ó jókòó ti rédíò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní báyìí, ìkéde náà ń dé ọwọ́ wa kó tó pẹ́, àwọn ìyá wa sì ń mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé ìkòkò sààrì kaná.

Ìkẹta kan àwọn òṣìṣẹ́. Agbègbè wa kún fún iléeṣẹ́, láti Sàngó dé Ìyẹ̀sí, láti Àtàn dé Agbárá. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bí tírélà bá ṣubú lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, tàbí tí omi òjò bá gba ojú ọ̀nà Ìdìrókò, ẹni tó rí i lójú ara rẹ̀ lè kìlọ̀ fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kí wọ́n tó jáde nílé. Kò sí iléeṣẹ́ rédíò kankan tó lè rán oníròyìn sí gbogbo oríta ní Ìjòkó àti Ìyànà Ìlógbò.

Ìkẹrin ni pé ohùn mẹ̀kúnnù ń dé ibi tí kò lè dé tẹ́lẹ̀. Títì tó bàjẹ́, tíràńsífọ́mà tó jóná, iléeṣẹ́ tó ń da omi ìdọ̀tí sínú gọ́tà àdúgbò: fọ́tò kan lè mú kí aláṣẹ dáhùn. Ìkarùn-ún ni pé èdè wa rí àyè. Láti oṣù Kejì, ọdún 2018, ni BBC ti ní ẹ̀ka ìròyìn Yorùbá lórí ayélujára, a sì ń gbọ́ táfúsíìrì àwọn àgbà àlùfáà wa láìkúrò nílé.

Ibi tó wà níbẹ̀: ohun tí ojú wa rí ní 2020

Ẹ jẹ́ ká lo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè wa gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ti ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ilẹ̀kùn, òwò dúró, owó tán lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá rí lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ.

Ní àárín oṣù Kẹrin náà, ìròyìn gba orí WhatsApp àti Twitter pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní “One Million Boys” àti “Awáwà” ń bọ̀ wá fọ́ ilé, wọ́n ń bọ̀ wá jí ẹrù. Láti Agége àti Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó dé Àgbàdo, Ìjòkó, Sàngó àti Ọ̀tà níhìn-ín, ọkùnrin kò sùn mọ́. Wọ́n dáná sun táyà sójú títì, wọ́n mú igi, wọ́n mú àdá, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú.

Ṣé irọ́ pátápátá ni? Rárá. Àwọn olè kan ṣọṣẹ́ ní àwọn ibì kan lóòótọ́, ọlọ́pàá sì mú ọ̀pọ̀ afurasí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni pé ìròyìn náà rìn jìnnà ju àwọn olè lọ. Àdúgbò tí olè kò yà sí gbọ́ pé wọ́n ti wọlé. Ohùn ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ń sọ pé òun ń wò wọ́n lójúkojú, kò sì sọ òpópónà tó wà. Nígbà tí òótọ́ díẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ àsọdùn púpọ̀, ó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ju irọ́ ponbélé lọ.

Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀. Ní òru tí àwọn ọkùnrin dira pẹ̀lú àdá, tí ìbẹ̀rù sì ti gba ọkàn wọn, nọ́ọ̀sì tó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ tàbí àjèjì tó ṣìnà lè di olè lójú wọn. Ẹ̀mí aláìṣẹ̀ lè bọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ní olóhùn. Síbẹ̀, fóònù yìí kan náà ni àwọn àdúgbò fi ṣètò ẹni tó máa ṣọ́ ibì kan, tí wọ́n sì fi pe ọlọ́pàá. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé òun dúró sí ẹnu ọ̀nà báyìí, àlàáfíà ni, ọkàn gbogbo ilé yóò balẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé ẹni yẹn sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Iyọ̀ tó pa ènìyàn

Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu ún, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, pé òun ló ń dènà Ebola. Ìyá jí ọmọ lójú oorun, ọmọ jí bàbá. Ẹni tó fi ránṣẹ́ rò pé ẹbí òun lòun ń ṣe lóore.

Ní àárín oṣù yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àrùn náà fúnra rẹ̀ mú 20 ènìyàn ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, ó sì pa mẹ́jọ. Iṣẹ́ àwọn dókítà àti àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé láti wá àwọn tó ti súnmọ́ aláìsàn ni Ọlọ́hun fi gbà wá, tí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé èrò rere kò tó. Àwọn tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ wa ni.

Kí ló dé tí irọ́ fi ń yára ju òótọ́ lọ?

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí wọn jáde. Wọ́n yẹ nǹkan bí 126,000 ìròyìn wò, tí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn pín kiri lórí Twitter láàárín ọdún 2006 sí 2017. Wọ́n rí i pé ó fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rọrùn kí ènìyàn pín irọ́ ju kó pín òótọ́ lọ. Kí òótọ́ tó dé ọ̀dọ̀ 1,500 ènìyàn, àkókò tó ń gbà tó ìlọ́po mẹ́fà ti irọ́. Wọ́n sì sọ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Irọ́ máa ń jẹ́ ohun tuntun, ó máa ń dẹ́rù bani, ó sì máa ń múnú bíni. Òótọ́ kì í sáábà ní ata nínú tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, Facebook, TikTok àti X ń jèrè bí a bá ṣe ń pẹ́ lórí wọn tó. Bí a bá wo fídíò ìjà kan tán, wọ́n á tún gbé irú rẹ̀ mẹ́wàá wá. Ẹni tí wọ́n ń fi ìjà hàn láràárọ̀ yóò rò pé ìjà ti gba gbogbo ayé.

Àwọn baba wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ayé fóònù, òru ọjọ́ kan péré ti tó kí irọ́ pa ènìyàn kí òótọ́ tó wọ bàtà.

Ohun tí ẹ̀sìn fi kọ́ wa

Nínú Súúrátul-Hujuraat, áyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé bí ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán bá gbé ìròyìn wá, kí wọ́n wádìí rẹ̀, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn kan níbi, kí wọ́n sì wá kábàámọ̀. Ọ̀pọ̀ onítúmọ̀ Àlùkùránì sọ ohun tó fa áyà náà. Wọ́n ní Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, rán Walid ọmọ Uqbah sí ìran Banul-Mustaliq láti gba sàká. Nígbà tó rí wọn tí wọ́n jáde wá pàdé rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó pa dà, ó sì ní wọ́n kọ̀ láti san án, àti pé wọ́n fẹ́ pa òun. Díẹ̀ ló kù kí ogun bá àwọn tí kò dẹ́ṣẹ̀. Ìwádìí ló gbà wọ́n. Ẹni tó bá rántí òru táyà jíjó ní Sàngó yóò mọ̀ pé áyà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Nínú Súúrátun-Nuur pẹ̀lú, Ọlọ́hun bá àwọn tó ń fi ẹnu gbé irọ́ kiri nípa ìyá wa Aishah wí, nítorí pé wọ́n ń sọ ohun tí wọn kò ní ìmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì kà á sí ohun kékeré.

Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn onímímọ̀ hádíìsì ti gbé ètò tí a ń pè ní ìsínáàdì kalẹ̀. Kò sí hádíìsì kan tí Imaamu Bukhari, tó kú ní ọdún 256 lẹ́yìn Hijira, yóò gbà láìmọ ẹni tó sọ ọ́ fún ẹni tó sọ ọ́, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Wọ́n á bèèrè nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan: ṣé olódodo ni? Ṣé orí rẹ̀ pé? Ṣé ó pàdé ẹni tó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Bí ẹnì kan bá sọnù láàárín, hádíìsì náà ti di aláìlágbára nìyẹn, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn tó.

Ẹ wá fi èyí wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé “bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́”. Ẹni tó kọ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun kò ní ìsínáàdì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. A ó ní, “Alhaji ló fi ránṣẹ́, Alhaji kì í purọ́.” Òótọ́ ni pé Alhaji kì í purọ́, ṣùgbọ́n Alhaji kò sí níbẹ̀. Òun ni ẹni ìkẹyìn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Òdodo ẹni tó jíṣẹ́ kò lè dípò ẹni tó rí ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí a béèrè

Kí a tó gba ìròyìn gbọ́, kí a tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní àwọn ìbéèrè yìí:

1. Ta ló rí i? Bí kò bá sí orúkọ ènìyàn tàbí iléeṣẹ́ tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, kí a dá a dúró. Bí WhatsApp bá fi ọfà méjì sí orí àtẹ̀jíṣẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún ó kéré tán. Láti oṣù Kẹrin, ọdún 2020, irú rẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́ ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kó lè máa rọra rìn.

2. Ìgbà wo ni, níbo sì ni? Fídíò ọdún márùn-ún sẹ́yìn lè pa dà wá bí ti àná, ti ilẹ̀ òkèèrè sì lè di ti Ọ̀tà. Google Lens lè fi ibi tí fọ́tò kan ti kọ́kọ́ jáde hàn wá.

3. Ta ló tún sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ ńlá kì í wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Dubawa àti Africa Check wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti yẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni ká bi.

4. Kí ni ó fẹ́ kí n ṣe? Bí ó bá ní kí a yára, kí a bẹ̀rù, tàbí kí a sanwó, kí a fura. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé iléeṣẹ́ kan ń gba òṣìṣẹ́, kí wọ́n san owó fọ́ọ̀mù sí àkáǹtì ẹnì kan. Kí wọ́n lọ sí ẹnu géètì iléeṣẹ́ náà lọ bèèrè kí owó tó jáde lápò.

5. Bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣé ó yẹ kí n pín in? Fọ́tò ẹni tí mọ́tò pa lọ́nà Ọ̀tà lè dé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ tù ú nínú. Àṣírí mùsùlùmí tí a bò kì í ṣe àdánù.

Nínú ilé wa

Bí ìyá tàbí bàbá bá fi ìròyìn tí kò dájú sínú gúrúùpù ẹbí, kí ọmọ má bú wọn lójú gbogbo ènìyàn. Kó pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wádìí ọ̀rọ̀ yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀.” Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ṣe bínú sí i, nítorí ààbò ni ó ń ṣe fún yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa rí yín bí ẹ ṣe ń wádìí kí ẹ tó gbàgbọ́. Ìyẹn yóò kọ́ ọ ju ìbáwí lọ.

Ẹni tó ń bójú tó gúrúùpù mọ́sáláṣí tàbí ti àdúgbò ní ẹrù lọ́rùn. Kó ṣòfin pé ẹni tó bá gbé ìròyìn wá gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i. Bí irọ́ bá ti jáde, kí ẹni tó fi ránṣẹ́ pa á rẹ́, kó sì kọ àtúnṣe sí ibi kan náà. Bí ewu bá wà ní tòótọ́, nọ́ńbà 112 ni kí a kọ́kọ́ pè. Gúrúùpù lè dúró.

Ìjọba náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti da ìlú rú lè ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá kò bá rí wa, àwọn maláíkà tó ń kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ wa tẹ̀.

Ẹ̀yin ará, a kò sọ pé kí ẹ ju fóònù nù. Ẹ fi gbọ́ ìkéde oṣù, ẹ fi bá jánàsà, ẹ fi kìlọ̀ fún ara yín lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé, kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló sọ ọ́, ọ̀dọ̀ ta ló sì ti gbọ́ ọ. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kó parí sí ọwọ́ yín. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa, kó sì ṣọ́ ọwọ́ wa. Àmín.